Òdo Lójú Pátákó

Agbálẹ̀ ló rí òkú ọkùnrin tó ń dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀, níwájú pátákó. Agogo idẹ tí wọ́n fi ń pe àwọn olùkọ́ wọlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ tó ti fọ́. Kíá ni ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Àwòdì ti gbọ̀ngàn náà pa, olùkọ́ kankan ò tíì wọ̀ ọ́. Pátákó ló ń wò, kò wo ẹ̀jẹ̀. Olóògbé ti kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sílẹ̀: "Ẹ̀tọ́ láti dákẹ́: abala karùn-ún." Ẹnìkan ti fi ṣọ́ọ̀kì pupa fagi lé karùn-ún, ó kọ kẹfà, ó sì fún un ní òdo ràbàtà.

Agbálẹ̀ ní, "Sà, mo nu pátákó yẹn mọ́ nírọ̀lẹ́ àná lẹ́yìn tí gbogbo olùkọ́ lọ. Òun nìkan ni mo fi sílẹ̀."

Olùkọ́ méjì ló ń dúró ní ọ́fíìsì. Àwọn méjèèjì ló fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwé òfin lánàá, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ọ̀dọ́bìnrin inú wọn ti wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, torí ó lérí pé òun á pa ọkùnrin náà.

"Ìbínú ló sọ ọ́, sà! Mo lọ́mọ lọ́wọ́ nílé."

"Abala wo ló fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́?"

"Abala... keje, àbí?" Ó bú sẹ́kún. Àwòdì fi í rẹ́rìn-ín.

Bàbá Olùkọ́, ẹnìkejì wọn, tó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì, mi orí. "Èmi ni mo kọ́ olóògbé ní ábídí. Lánàá, ó ní kí n gun orí àga, ó sì ka òdo mi sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àmọ́ ilé ni mo sùn. Ọmọ yìí ló lérí, ẹ mú un lọ."

Àwòdì ní, "Ẹ má dá a lẹ́bi, Bàbá. Olóògbé gan-an ò mọ abala náà."

"Níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n? Karùn-ún ló kọ! Olùkọ́ àwọn olùkọ́!"



Àwòdì ní, "Wọ́n nu pátákó lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo sì tilẹ̀kùn kí ẹ tó dé. Ẹni tó pa á nìkan ló lè rí karùn-ún. Ẹ pa á tán, ẹ tún dúró máàkì iṣẹ́ rẹ̀."

Ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọmọ, ó fi í sí ti bàbá.

"Mo... mo ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́."

"Abala kẹfà," Àwòdì dáhùn. "Ẹ yege, Bàbá. Ó kàn jẹ́ pé ẹ ti pẹ́ jù."