Ọkùnrin Tó Ti Inú Igbó Wandoo Wá

Ọmọ ẹ̀yà Noongar, àwọn onílẹ̀ àtayébáyé nílẹ̀ kangarú, kì í pẹ́ dáhùn bí wọ́n bá bi í pé ọmọ ta ni. Àmọ́ nígbà tí Elvie bi ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Shareen, mú wálé, ṣe ni ọkùnrin náà kàn ń wò ó, bí ẹni tí kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé.

“Ọ̀hún la ti wá, Mà,” ó ní, ó nawọ́ sí igbó tí àwọn igi wandoo ti dúró funfun báláú.

Kò sí ilé kankan níbẹ̀.

Arlen ló pe ara rẹ̀. Kò lágídí, kò mutí, ó sì ń ṣìkẹ́ Shareen bí ẹyin ojú. Síbẹ̀ ara Elvie kò balẹ̀. Bí wọ́n bá se ẹran kangarú, Arlen á jẹ ẹran, á fi búrẹ́dì sílẹ̀. Bó bá jẹ ẹyẹ, awọ rẹ̀ á wà nínú àwo lódindi, bí ẹ̀wù tí èèyàn bọ́ kalẹ̀. Nígbà tó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó gun òrùlé lọ kan páànù, Elvie yọjú lójú fèrèsé, ó sì rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Orí ló fi ṣáájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè.

Ó sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Clem. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

“Ṣó lu ọmọ ẹ ni?” Clem bi í.

“Rárá o, Bọ̀dá.”

“Ṣé ebi ń pa á ni?”

“Ó ń yó.”

“Àbí o ń jowú ọmọ ẹ ni, Elvie?” Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “Panu mọ́ jàre.”

Ìgbà òtútù wọlé, Shareen sì lóyún. Ìgbà náà gan-an ni Arlen bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kò jẹun mọ́, kò sùn mọ́. Irun orí rẹ̀ ń já sílẹ̀ lórí ìrọ̀rí, egbò sì ń sọ lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní òun kò rí àrùn kankan, àfi pé ara rẹ̀ ti gbó bíi ti arúgbó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Elvie bá a nídìí iná níta, tó ń gbọ̀n. Inú bí i.

“Ẹni tó fẹ́ di bàbá ló jókòó kalẹ̀ bí àpò òfìfo yìí? Ṣé bí bàbá tìẹ náà ṣe ṣe nìyẹn?”

“Mi ò mọ bàbá mi, Mà. Wọn ò tíì bí mi tó fi kú. Bàbá tiẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Kò sí ọkùnrin ilé wa tó rí òtútù ẹlẹ́ẹ̀kejì rí.” Ó gbé ojú sókè. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró ti Shareen.”

Elvie pòṣé, ó wọlé lọ. Ó rò pé ọ̀lẹ ló ń wá àwáwí.

Nígbà tó fi máa jáde padà, Arlen ti lọ. Elvie àti Clem tọ ipasẹ̀ rẹ̀ wọ inú igbó. Lábẹ́ igi wandoo kan tó níhò ni wọ́n ti rí aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Clem gbé ẹ̀wù náà sókè, nǹkan kan sì bọ́ láti inú apá rẹ̀: ẹranko kékeré eléérú, ìrù rẹ̀ dúdú, ó kún bíi búrọ́ọ̀ṣì ìfọgò, irun ti re lára rẹ̀. Ó ti kú, àmọ́ kò tíì tutù.

“Wambenger,” ni Clem sọ jẹ́jẹ́. “Akọ ni. Bí wọ́n bá ti gun abo tán, gbogbo akọ wọn ló ń kú nígbà òtútù. Kò séyìí tó ń rójú ọmọ ẹ̀.”

Elvie kúnlẹ̀. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi wé e, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀. “Dárí jì mí, ọmọ mi,” ló ń wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó wà láàyè.

Wọ́n fẹ́ parọ́ fún Shareen, àmọ́ kò jẹ́ kí wọ́n ṣe wàhálà.

“Mo mọ̀, Mọ́mì. Ó ti sọ ọ́ fún mi kí n tó fẹ́ ẹ. Mo ní bó bá jẹ́ oṣù díẹ̀, kó jẹ́ oṣù díẹ̀ náà.” Ó fọwọ́ lé ikùn. “Ẹ bá mi gbàdúrà kó jẹ́ obìnrin. Àwọn obìnrin wọn máa ń pẹ́ díẹ̀.”

Elvie gbàdúrà náà láàárọ̀, ó gbà á lálẹ́, títí àwọn òdòdó fi tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí oòrùn sì tún mú.

Lọ́jọ́ ìbímọ, ọmọ náà ké gan-an, ara rẹ̀ le koko. Nọ́ọ̀sì gbé e sókè, inú rẹ̀ ń dùn. “Ọkùnrin làǹtìlanti!”

Clem tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì jáde lọ dúró nínú oòrùn. Elvie di irin ibùsùn mú, kò lè wo ojú Shareen.

“Jẹ́ kí n gbé e lọ síbi tí àwọn ìkókó yòókù wà,” ni nọ́ọ̀sì wí, “kí o lè sinmi.”

“Rárá,” ni Shareen dáhùn. Ó na ọwọ́ méjèèjì. “Ẹ gbé e fún mi. Ẹ má gbé e lọ síbì kankan. Màá sinmi tó bá yá.”