Irọ́ Tí Ṣìkẹ́mi Pa ní Àgọ́-Ìyanrìn

Ṣìkẹ́mi káwọ́ lérí ní etí òkun. "Àǹtí Morádéún, ṣé ibí náà nìyí?"

Wọ́n ti ti ilé oúnjẹ pa. Wọ́n ti kó àga àwọn àlejò jọ sábẹ́ tapólì. Ẹṣin kan ṣoṣo ló ń jẹ koríko lẹ́bàá ọ̀nà, òjò ń pa á.

"Ibí náà ni," àbúrò ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àpápá ni Àǹtí Morádéún ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road. Ìparí oṣù keje ni wọ́n tó fún un ní ìsinmi, nígbà tí òjò ti lé gbogbo èrò kúrò ní Àgọ́-Ìyanrìn. "Fèrè tírélà ti dí mi létí. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yìí gan-an ni mo bá wá."

Èrò ni Ṣìkẹ́mi bá wá ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tí kò tíì fọ́nnu ìrìn-àjò yìí fún ní Ajégúnlẹ̀, níbi tó ń gbé. Nígbà tí Oghenemaro, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, wá bi í lórí fóònù pé, "Ṣìkẹ́, how far? Ṣé ibẹ̀ dùn?" ojú tì í. Ó wá fọ́tò etí òkun mìíràn tí èrò kún fọ́fọ́, ó fi ránṣẹ́. "Ibí gbóná! Ìwọ nìkan ló kù!"

Ní ọjọ́ kejì, ó rìn wọ ìlú. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń kí i. Bàbá Ọládòṣù, apẹja àgbàlagbà kan tó ń tún àwọ̀n ṣe, pè é síbi àgbàdo sísun àti àgbọn.

"Àwọn tó ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun ni wọ́n ń wò," ni bàbá náà wí. "Wọn kì í rí wa."

Àgbàdo náà dùn. Ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lójú ni fóònù rẹ̀ dún.

"Ṣìkẹ́! Mo ti wọkọ̀ o! Mo sọ fún mọ́mì mi pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́…" Fóònù Oghenemaro kú.

Ṣìkẹ́mi gbójú sókè. Òjò tún ti ṣú. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n Oghenemaro kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ó sáré lọ bá Àǹtí Morádéún, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti dáràn."

Nígbà tó rojọ́ tán, àǹtí rẹ̀ mi orí. "Purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í kángun rẹ̀. Dìde, ká lọ wá a."

Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá Bàbá Ọládòṣù. Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀. Ojú àlejò kì í sọnù níbí." Ó pe aládùúgbò rẹ̀, ìyẹn pe ọlọ́kadà, ọ̀rọ̀ sì ń lọ láti ẹnu dé ẹnu. Òjò ò tíì dá tí ìròyìn fi dé: ìyá aláta kan ti rí ọmọbìnrin kan tó ń sunkún ní oríta, ó sì ti mú un wọlé.

Wọ́n bá Oghenemaro tó fi ìró ìyá náà bora, tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná.

"Àwọn èrò inú fọ́tò yẹn dà?" ni ó bi Ṣìkẹ́mi.

"Kò sí. Irọ́ ni mo pa. Má bínú."

"Èmi náà sì purọ́ fún mọ́mì mi torí irọ́ tìẹ!"

Àǹtí Morádéún ló pe ìyá Oghenemaro. Ìyá náà sunkún, ó bú wọn, ó sì ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé Ṣìkẹ́mi mọ́ títí wọn yóò fi padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Ṣìkẹ́mi wọra, ṣùgbọ́n kò jiyàn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde, Ṣìkẹ́mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá aláta náà, ó gbàgbé pé obìnrin ni òun. Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, ó fà á dìde. "Ọmọ mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ìgbà náà ni Ṣìkẹ́mi mọ̀ pé ẹni tó bá ń fi irọ́ bu iyì kún ibi tó wà, kò ní rí iyì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.