Ahọ́n Wúrà Tí Kò Mọ Iyọ̀ Mọ́

Ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé ọtí ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ, wọn á ní kí o fi kan ahọ́n, kí o sì tu ú dànù. Ẹni tó bá gbé e mì ti ba iṣẹ́ jẹ́. Iṣẹ́ yìí ni ọkùnrin inú ìtàn yìí ń ṣe ní ilé oúnjẹ ńlá kan. Ahọ́n Wúrà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Má pè é ní àsọdùn o. Bí wọ́n bá fún un ní wáìnì ilẹ̀ Yúróòpù, á sọ bóyá orí òkè ni àjàrà rẹ̀ ti hù tàbí etí odò. Bí wọ́n bá fún un ní sakè, ọtí tí àwọn ará Japan ń fi ìrẹsì ṣe, á sọ bí wọ́n ṣe bó ìrẹsì náà tó. Òun ló ń yan ọtí tó bá oúnjẹ kọ̀ọ̀kan mu: èyí fún wàràkàṣì, èyí fún ẹran yíyan, èyí fún ẹja.

Àṣà ibẹ̀ ni pé wọ́n á da ọtí sínú jọ́ọ̀gì amọ̀ tó jọra bí ìbejì, wọ́n á kọ àmì sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú má baà tan ahọ́n jẹ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè yí jọ́ọ̀gì wo abẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó máa bú u. Ṣùgbọ́n Ahọ́n Wúrà ní tòun kọ́ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá, kò yí jọ́ọ̀gì kankan wò rí, ó sì ń fi yangàn.

Garawa kékeré kan ló máa ń tu ọtí sí. Lọ́jọ́ kan ó ní èyí ti dùn jù láti tu, ló bá gbé e mì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tó yá, garawa bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ bá a sọ ọ́ títí, ọkọ ní kí ló mọ̀ nínú iṣẹ́ òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu, ó dà bí omi lásán. Ó lá iyọ̀, iyanrìn ló jọ. Kò sọ fún ẹnì kankan, torí ta ló fẹ́ kí ayé gbọ́ pé ahọ́n wúrà ti di ahọ́n igi?

Obìnrin àgbàlagbà kan ni olórí àwọn alásè níbẹ̀, Ìyá Ìdáná ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń sọ̀rọ̀ Jésù fún Ahọ́n Wúrà, òun náà á sì fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tó sọ omi di wáìnì, ẹlẹgbẹ́ òun ni.

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò pàtàkì wá, Ìyá Ìdáná se ẹja ọlọ́ràá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde láàárọ̀ náà. Irú ẹja bẹ́ẹ̀, sakè ló bá a lọ. Bí wáìnì funfun tó ní ìtọ́wò irin bá kàn án, ẹja náà á máa rùn lẹ́nu bí èyí tó ti bàjẹ́. Ahọ́n Wúrà fúnra rẹ̀ ló kọ́ gbogbo ilé ní ẹ̀kọ́ yìí.

Jọ́ọ̀gì méjì wà níwájú rẹ̀, sakè wà nínú ọ̀kan, wáìnì funfun wà nínú èkejì. Ó tọ́ èkínní wò: omi. Ó tọ́ èkejì wò: omi. Bó bá yí wọn wò lójú àwọn àlejò, àṣírí tú. Ó kàn tọ́ka sí ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àlejò àkọ́kọ́ jẹ ẹja, ó mu ọtí, ó yára fi aṣọ bo ẹnu. Ẹnì kejì ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹja ti bàjẹ́. Ọ̀gá ilé oúnjẹ náà bi Ahọ́n Wúrà, Ahọ́n Wúrà ní òun náà gbọ́ òórùn rẹ̀. Irọ́ gbuu! Wọ́n lé Ìyá Ìdáná kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó lọ.

Nígbà tí gbogbo wọn tú ká, Ahọ́n Wúrà yí jọ́ọ̀gì tó tọ́ka sí wò. Àmì àjàrà ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bó jókòó, á dìde. Bó dé ẹnu ọ̀nà, á padà. Ìyàwó rẹ̀ á gbé oúnjẹ fún un, á máa fi ṣíbí rò ó kiri. Ó mu ọtí kó lè gbàgbé. Ọtí kò dùn, kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, á fò sókè. Lọ́jọ́ kẹrin, ní ọ̀sán gangan, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ilé Ìyá Ìdáná.

Ìyá náà ti ń fura tipẹ́. Ó mú un wọ ilé ìdáná rẹ̀, ó bu ọbẹ̀ fún un. Ahọ́n Wúrà jẹ ẹ́, ó sì yìn ín bí ìṣe rẹ̀, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, kò kéré.

"Ọmọ mi," ni ìyá náà wí, "mi ò fi iyọ̀ sí i."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, jọ́ọ̀gì, irọ́, garawa gbígbẹ. Ó ní kí ìyá náà bú òun, ìyá náà kò bú u.

"Ohun tó o gbé mì yẹn kò ní dà nínú rẹ láé," ló sọ fún un. "Tu ú síwájú Jésù. Òun náà gba ife kíkorò lórí àgbélébùú nítorí tìrẹ, kò tu tirẹ̀, ó mu ún tán."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná yẹn, ó sunkún bí ọmọdé, ó ké pe Olúwa. Ibẹ̀ ni ìyípadà dé.

Lọ́jọ́ kejì ó yí jọ́ọ̀gì náà dojú dé lórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀, ó sọ òtítọ́. Wọ́n gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lọ bẹ Ìyá Ìdáná padà. Abẹ́ ìyá náà ni Ahọ́n Wúrà wà báyìí, ó ń fọ àwo. Kò fi ẹnu kan ọtí mọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ń jẹun nílé, ó dúró lójijì. Ó ní, "Iyọ̀ ti pọ̀ jù." Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n nígbà tó rí omijé lójú ọkọ rẹ̀, òun náà bú sẹ́kún ayọ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o ò tilẹ̀ mutí. Kí ni ìwọ gbé mì tó yẹ kí o tu? Ta ló ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ níbì kan báyìí, tí o dákẹ́? O mọ ìdí tí ọkàn rẹ kò fi balẹ̀. Ẹnì kan wà tó mọ àmì abẹ́ gbogbo jọ́ọ̀gì, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tó máa yí tìrẹ wò lójú gbogbo ayé. Yí i fún un lónìí, nígbà tó ṣì jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni. Má ṣe gbé ìwé yìí sílẹ̀ kí o tó la ẹnu rẹ jẹ́wọ́ fún Jésù.