Oògùn Tí Eulalie Lò Kí Ó Lè Sanra

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Bantè, ní ọdún 1984, Eulalie jókòó níwájú ilé ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń bẹ iṣu. Marcelline, aládùúgbò wọn, dúró lójú ọ̀nà.

"Ìyàwó Urbain, ìró rẹ fẹ́ bọ́ o! Ọkọ ń ti Àbíjàn bọ̀, ìwọ ń gbẹ bí ẹja orí iná."

"Bí ó bá bọ́, màá so ó," ni Eulalie wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ìyá Urbain kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Marcelline lọ tán, ó ní: "Owó oúnjẹ rẹ tí Urbain ń fi ránṣẹ́ sí mi kò yẹ̀ rí. Bí Urbain bá dé tí ó bá ọ báyìí, ṣé kì í ṣe èmi ni wọn yóò ní mo jẹ ẹ́?"

"Ìyá, mo ń jẹun. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyí."

"Kí ó tó lọ, irú obìnrin wo ni ó ní ó wu òun?"

Eulalie dorí kodò. "Ẹni tí ara rẹ̀ kún."

"O ò rí i!"

Ìyá gba ọjà lọ. Ó ra oògùn wẹ́wẹ́ funfun lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń gbé àtẹ kiri. Oògùn náà kò ní páálí, kò ní orúkọ. Ọkùnrin náà ní kí ìyàwó máa lò ó láràárọ̀, ara yóò dé.

Ara dé lóòótọ́. Láàárín oṣù díẹ̀, ojú Eulalie rí roboto, ikùn rẹ̀ sì yọ síwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò sanra. Gbogbo àdúgbò ń kí i pé ó ń jayé. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìdí tí ẹsẹ̀ fi tín-ín-rín lábẹ́ irú ikùn bẹ́ẹ̀.

Urbain dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níwájú àwọn tí ó wá kí i, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Eulalie, o ti di àgbá!"

Ìyá rẹ̀ ní: "Ìwọ kọ́ ni o ní ara kíkún ni ó wù ọ́?"

"Ìyá, ìgbà yẹn nìyẹn. Ojú mi ti là. Àwọn obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì tí mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Àbíjàn, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ni wọ́n ń rìn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹwà."

Eulalie kó àwo nílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó da gbogbo oògùn tí ó kù sínú ṣáláńgá.

Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Bí ó bá dìde, òòyì á kọ́ ọ. Marcelline gbọ́, ó pàtẹ́wọ́.

"Urbain! O ò tilẹ̀ jẹ́ kí eruku ọ̀nà kúrò lára rẹ!"

Ilé kún fún ẹ̀rín. Wọ́n ní oyún ni.

"Ìyá, kò ṣe mí bí oyún," ni Eulalie wí.

"O ò lóyún rí. Báwo ni o ṣe máa mọ̀?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣubú lẹ́bàá ìkòkò omi, ó dákú. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Noémie, nọ́ọ̀sì tí ó wà ní Bantè. Noémie wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ojú nọ́ọ̀sì náà yí padà.

"Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Oògùn wo ni ó ń lò?"

"Kò lo nǹkan kan," ni Urbain dáhùn. "Oyún ni."

"Ìyá, ṣé òótọ́ ni?" ni Noémie béèrè.

Ìyá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Kò lo nǹkan kan."

Noémie rò pé oyún tí kò sí nínú ilé ọmọ ni ó bẹ́ sí i nínú. Ó fa omi sí Eulalie lára, ó ní kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalou. Nínú ọkọ̀, nígbà tí ọwọ́ Eulalie tutù, ni Ìyá kígbe: "Urbain, èmi ni mo ra oògùn! Èmi ni, kí ó lè sanra dè ọ́!"

Eulalie kò dé Savalou láàyè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Noémie, tí ó ti gbọ́ nípa oògùn náà, wá sílé wọn.

"Ara wa ń pèsè ohun kan tí ó ń gbé ẹ̀mí ró," ó ní. "Irú oògùn yẹn ń ṣe iṣẹ́ náà dípò ara. Bí ó bá pẹ́, ara á dẹ́kun. Bí èèyàn bá wá dá oògùn dúró lójijì, kò sí èyí tí yóò ṣiṣẹ́ mọ́ nínú méjèèjì. Abẹ́rẹ́ tí ì bá ràn án lọ́wọ́ wà lọ́dọ̀ mi níbí."

Ìyá Urbain bo ojú. Urbain ní: "Àwàdà lásán ni mo ṣe."

"Òun kò mọ̀ ọ́n sí àwàdà," ni Noémie dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má ra oògùn lórí àtẹ nítorí àtisanra. Ẹni tí ó bá ti ń lò ó, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó mú un lọ́wọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì, kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá sì béèrè ohun tí aláìsàn lò, ẹ sọ ọ́ kíákíá, ẹni yòówù tí ì báà wà níbẹ̀. Ìtìjú á kọjá lọ, òkú kì í padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti òkè òkun àti ìlú ọ̀nà jíjìn bọ̀, ìlú tí ẹ gbé lè yí ojú yín padà. Ẹ má fi ojú náà ṣe ìdájọ́ ara ìyàwó yín láàárín èèyàn.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ni Eulalie kí oògùn tó dé, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ni ó sì ń rìn. Irú obìnrin tí Urbain lọ rí ní Àbíjàn ni ó fi sílẹ̀ sí Bantè.