Fọ́ọ̀mù Yunifásítì Tó Béèrè Ẹ̀ṣẹ̀

Ọmọkùnrin kan wà tí kò mọ bí a ti ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́." Kì í ṣe pé odi ni. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí pé láti kíláàsì kìíní títí dé ìparí, kò sí ẹni tó gba ipò kìíní mọ́ ọn lọ́wọ́. Orí rẹ̀ sì wú bí ìyẹ̀fun tí a fi ìwúkàrà sí.

Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o. Ó máa ń ka Bíbélì ketekete níwájú ìjọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́, ẹ bi àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé.

Nígbà tí yunifásítì ìjọba ṣí fọ́ọ̀mù, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní yàrá iwájú, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ń ránṣọ fún àwọn oníbàárà, tí ìyá wọn sì ń lọ èyí tó bá rán tán. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, iṣẹ́ òbí, èsì ìdánwò: wìrìwìrì ló ń kọ ọ́. Ó wá kan ìbéèrè karùn-ún.

"Sọ nípa ẹnìkan tí o ṣẹ̀, àti bí o ti bẹ̀ ẹ́. A óò fi ìbéèrè ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni náà. Bí kò bá jẹ́rìí sí i, fọ́ọ̀mù yìí kò ní lọ."

"Radaràda wo nìyí?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Èmi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Ìyá rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ọkọ mi, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ yìí ni, àbí láti ọjọ́ tí mo já ẹ lẹ́nu ọmú?"

Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kàn le mọ́ máṣíìnì, tí ariwo rẹ̀ fi gba ilé kan.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbàgbé ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sílé lọ́jọ́ tí olùkọ́ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n yìí, ẹni tó kọ́ ọ ní A B D, sáré gbé e lọ bá a, òwú lára, téèpù lọ́rùn, òógùn lójú. Àwọn ọmọ kíláàsì bi í pé, "Ta nìyẹn?" Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn pé, "Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni." Etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó gbé ìwé náà lé orí tábìlì, ó yí padà. Láti ọjọ́ náà, kò tẹ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ yẹn mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rántí rẹ̀. Kàkà kó dùn ún, inú rẹ̀ dùn pé òun rí ohun kọ. Ó kọ bí òun ti sẹ́ ẹ̀gbọ́n òun. Ó kọ bí òun ti kúnlẹ̀, tí àwọn méjèèjì dì mọ́ra, tí wọ́n sunkún. Gbólóhùn ẹkún náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló tún un kọ kó lè dùn. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ àfi sísẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, fóònù ẹ̀gbọ́n dún. Wọ́n fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì bi í lábẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé òótọ́ ni? Tẹ Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Tẹ Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Ìgbà wo lo bẹ̀ mí?"

"Ṣé ìyẹn la ń sọ? Ọ̀sán ọ̀la ni wọ́n ń tì í. Tẹ̀ ẹ́ jàre."

"Bẹ̀ mí báyìí, kí n tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní kó o sunkún o. Èyí tó o kọ síbẹ̀ ti tó."

Ọ̀jọ̀gbọ́n la ẹnu. Ẹnu náà kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Bí mo bá di dókítà, màá ra máṣíìnì tuntun fún ẹ."

"Máṣíìnì mi ò tíì sọ pé òun ń ṣàìsàn."

"Ìlara ló ń dà ẹ́ láàmú! Ìwọ tó ò kàwé débì kankan!"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ lò ń bú yẹn o!" ni ìyá wọn kígbe.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Mọ́mì," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣebí ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí? Ọmọ ọ̀dọ̀ kì í jẹ́rìí fún ọ̀gá ẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n lọ pọn omi, fóònù rẹ̀ wà lórí máṣíìnì. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, ó yọ́ jáde. Ní yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ girama rẹ̀, ó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, ó sì ní kí ìyá àgbà tó ń tọ́jú ìwé bá òun tẹ ẹ̀dà kan jáde.

Ìyá àgbà yìí mọ Jésù, kì í sì í fi Í pamọ́. Àwọn ọmọ a máa sá fún un. Ó ka ìtàn náà lórí ìdúró, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ṣé ìwọ lo ṣe èyí? Ìwọ tí kì í kí èèyàn?" Ó di ìwé náà mú ṣinṣin. "Lọ́jọ́ Ajé, ìwọ lo máa kà á fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ wá, kó jókòó níwájú."

Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọwọ́ kó gba ìwé náà padà. "Kò lè wá, mà."

"Kí ló ṣe é? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

Irọ́ tuntun ti dé ẹnu rẹ̀. Ó ti mọ irú àìsàn tó máa sọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ara rẹ̀ ti bà á. Òun sẹ́ ẹ, òun jí ẹ̀rí ẹnu rẹ̀, òun tún fẹ́ dá a dùbúlẹ̀ àìsàn! Níbo ni èyí máa dúró sí?

"Irọ́ ni, mà," ni ó wí. Ó sì rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá àgbà kò fọwọ́ pa á lórí. "Ìkà ni ọ́! O ta ẹ̀gbọ́n rẹ nítorí àwọn ọmọ kíláàsì, o tún tà á nítorí yunifásítì. Ipò kìíní wo ló máa wẹ ìyẹn nù?"

"Kí ni kí n ṣe, mà?"

"Ọmọ-ẹ̀yìn Jésù kan sẹ́ Ẹ nígbà mẹ́ta. Jésù ṣì lọ kú fún un. Ó jí dìde, Ó sì wá a rí. Kì í ṣe torí pé ọmọ-ẹ̀yìn náà gbọ́n. Ìwọ ń wá bó o ṣe máa jẹ́ ẹni rere lórí ìwé, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Jésù ń wá. Ṣé ọ̀kan ni ọ́, àbí ìwọ kọ́?"

"Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, mà."

Ó kúnlẹ̀ láàrin àwọn ìwé. Ọmọ tó ń ka Bíbélì ketekete kò rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ: "Jésù, mo sẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ti sẹ́ Ọ. Ṣàánú mi. Gbà mí."

Nígbà tó dìde, aago mọ́kànlá ti kọjá. Òfin fọ́ọ̀mù náà yé e: èèyàn lè fà á padà kí ọ̀sán tó pọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fà á padà kò ní lè fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́dún náà. Ìyá àgbà kò ní kó ṣe é, kò sì ní kó má ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n fà á padà. Odindi ọdún kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ó rìn délé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ránṣọ, kò gbójú sókè.

"Olè dé. Mo ti rí ohun tó o bá mi tẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo sẹ́ yín, mo tún fi ẹnu yín purọ́. Ẹ dárí jì mí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín kíkorò. "Èwo ló tún kù tí wọ́n ní kí n tẹ̀?"

"Kò sí. Mo ti fà á padà."

Máṣíìnì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n wo aago ara ògiri. Aago méjìlá ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wá wo àbúrò rẹ̀. Kò sí ohun kan mọ́ tí ọmọ yìí lè rí gbà lọ́wọ́ òun, síbẹ̀ ó ṣì wà lórí eékún.

"Dìde," ni ó wí. "Aṣọ oníbàárà lo kúnlẹ̀ lé. Mo ti dárí jì ẹ́, ọ̀dẹ̀."

Ìwọ tí o ń kà á, má wò yíká. Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Ìwọ náà ti sọ ìtàn dídùn nípa ara rẹ, àwọn èèyàn sì gbà á gbọ́. Ọlọ́run kò gbà á gbọ́. Ó mọ ẹni tí o sẹ́, Ó mọ ohun tí o jí, ìdájọ́ Rẹ̀ kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n Ọmọ Rẹ̀ ti kú ikú tó yẹ ọ́, kò sì tíì lé ẹnikẹ́ni tó wá sọ́dọ̀ Rẹ̀ padà.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ta ló fi ọ̀la hàn ọ́? Níbi tí o wà yìí, jẹ́wọ́ fún Jésù, kí o sì gbà Á. Bí o bá ti ṣe é, wọ bàtà rẹ. Ẹnìkan wà tí o gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀. O mọ ilé rẹ̀.