Àgò Adìyẹ Nínú Pálọ̀

Ẹfúnróyè jí láàárọ̀, ó fò dìde lórí ẹní. Ní Ore ló ń gbé, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Bàbá rẹ̀ ń wa lọ́rì lọ́nà náà. Bàbá yìí ga! Tó bá nàró, òrùlé a ní, "Ẹ rọra o!"

Bàbá ra táìsì, wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ pálọ̀. Funfun báláú! Òṣùpá máa ń wá wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ní irọ́ ni? Ẹ lọ bi òṣùpá.

Òjò dé. Wàà! Wàà! Ìyá gbé adìyẹ àti àgò rẹ̀ wọ pálọ̀ kí wọ́n má baà tutù.

"Iṣu ti jinná," ni Ìyá wí. "Dúró kí òjò dá, ká tó gúnyán."

Ẹfúnróyè ò dúró.

Ó yí odó kékeré rẹ̀ wọ pálọ̀. Gìrì-gìrì-gìrì. Ó kó iṣu sí i. Ó gbé ọmọ odó sókè.

Gbì! Gbì! Gbì!

KÀÁ!

Táìsì kan là sí méjì lábẹ́ odó.

Ìyá sáré wọlé. "Yéè! Ta ló ń gúnyán lórí táìsì?"

"Èmi ni, Ìyá."

Ìyá ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Gàzálì tó máa ń lẹ táìsì. Ó gbé òòlù wá. Ó gbé sìmẹ́ńtì wá. Kọ́! Kọ́! Kọ́! Ó hú èyí tó fọ́ kúrò. Ó lẹ tuntun sójú ẹ̀.

"Èyí nìkan ló kù," ló wí. "Irú ẹ̀ ò sí ní gbogbo Ore mọ́. Kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ títí di ọ̀la. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó rì nìyẹn!"

Ó wo Ẹfúnróyè. "Ìwọ ọ̀gá agúnyán, ìwọ ni ọlọ́dẹ ẹ̀ o."

Ẹfúnróyè jókòó ti táìsì. Kò ṣẹ́jú.

Eṣinṣin bà lé e. "Ṣíì!"

Ewúrẹ́ yọjú. "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

"Ṣíọ̀!" Ewúrẹ́ sá lọ sí Agbabu. Kò ì tíì padà títí dòní.

Ta ló tún ń bọ̀ yìí?

Gbádéyan, àbúrò rẹ̀ ni. Gbádéyan ò tíì rìn rí. Ó máa ń rá kòrò ni.

Lónìí, ó di àga mú. Ó dìde. Ó jùwọ́ sílẹ̀.

Tẹ̀ẹ́. Tẹ̀ẹ́.

"Ìyá! Gbádéyan ń rìn!"

Ìyá ò gbọ́. Òjò ń pariwo lórí páànù.

Gbádéyan ń rẹ́rìn-ín. Ó ń bọ̀ wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Táìsì tuntun sì wà láàárín wọn!

"Gbádéyan, dúró!"

Gbádéyan ò dúró. Tẹ̀ẹ́.

Ẹfúnróyè fò dìde. Tó bá ti àbúrò rẹ̀, á ṣubú. Tó bá fi í sílẹ̀, á tẹ táìsì.

Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó rí àgò adìyẹ!

GBÀM! Ó dà á bo táìsì.

Gbádéyan gbá àgò mú. Ó dúró ṣinṣin. "Hì-hì-hì!"

Pọ̀ọ̀ọ̀n! Lọ́rì Bàbá dé.

Bàtà Bàbá tóbi bí ọkọ̀ ojú omi. Gbì. Gbì. Ó ń bọ̀ tààrà síbi àga rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dúró!"

Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Kò lè gbé e sílẹ̀.

"Ta ló gbé àgò adìyẹ sáàárín pálọ̀ mi?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo gúnyán lórí táìsì yín, ó sì fọ́. Bọ̀dá Gàzálì ti lẹ òmíràn. Kò tíì gbẹ."

Bàbá wo àgò. Bàbá wo Ẹfúnróyè. Ó la ẹnu...

Tẹ̀ẹ́. Tẹ̀ẹ́. Gbádéyan fi àgò sílẹ̀. Ó rìn lọ bá Bàbá, ó sì dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Háà! Ọmọ mi ń rìn!" Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n gbọ́ ọ dé Ajue.

Ó bọ́ bàtà. Ó rọra yí àgò po.

"Ọlọ́dẹ," ló wí, "o ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gúnyán o!"

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá Gàzálì ṣí àgò. Ó kan táìsì. Kó! Kó!

"Ó ti le! Ta ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́?"

Ẹfúnróyè di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Tẹ̀ẹ́. Tẹ̀ẹ́. Kò sí kàá!

Adìyẹ ńkọ́? Níbo ló sùn mọ́jú?

Orí àga Bàbá ni. Ó tiẹ̀ yé ẹyin síbẹ̀.