Omi Sàráà Ìyá Àgbà

Àárọ̀ ni Arifah ti fọ ẹnu ẹ̀rọ omi kíṣìnnì tó mọ́ tónítóní, àmọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí, ó tún ti pa ẹnu dé.

Èérí funfun ló bò ó, ó le bí ìkarahun ìgbín. Arifah la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ó fún un sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ha á. Ó tú àsẹ́ kékeré ẹnu rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn. Púlọ́ńbà tó wá wò ó lánàá ní jákèjádò àdúgbò Barkin Sale yìí, òun ò rí irú rẹ̀ rí: èérí omi kì í yára tó báyìí. Arifah fi ìka kan èyí tó ha, ó tọ́ ọ wò. Ó níyọ̀, bí ìgbà tí èèyàn lá omijé.

Nígbà náà ló gbọ́ ọ. Nínú páìpù lọ́hùn-ún, ẹnì kan wúkọ́ díẹ̀, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ta ni òùngbẹ ń gbẹ?"

Ohùn Ìyá Àgbà Nàímátù ni. Bẹ́ẹ̀ ọdún tó kọjá ni wọ́n sin ín.

Kó tó kú, ó bọ́ wúrà ọrùn rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, Àbdùlgàfárù, bàbá Arifah. "Tà á, kí o fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síta, lẹ́yìn fẹ́ǹsì, kí ẹni tó bá ń kọjá lọ máa mu níbẹ̀. Sàráà mi nìyẹn. Òun ni yóò máa bá mi nínú sàréè." Arifah ló di ọwọ́ ìyá náà mú bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá gbẹ́ kànga lóòótọ́, àmọ́ inú fẹ́ǹsì ló gbẹ́ ẹ sí. Ó fa páìpù rẹ̀ wọ kíṣìnnì, ó ti géètì pa, àwọn aládùúgbò sì ń gbé garawa kọjá lọ sọ́nà jíjìn. Gbogbo ìgbà tí Arifah bá rí wọn, á bẹ Bàbá pé kó ṣí géètì. Ìdáhùn kan náà ni Bàbá máa ń fún un: "Àwọn èèyàn wọ̀nyí ò mọ nǹkan lò."

Òní ni àdúrà ọdún ìyá náà. Àwọn àáfà ń bọ̀ wá kírun Alásárì, kò sì sí ẹ̀kán omi nílé.

Roseline, aládùúgbò wọn, gba géètì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ de àwọn àáfà wọlé, ó yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Sannu o, Arifah. Jọ̀ọ́, omi díẹ̀. Ara Ìkẹ́olúwa ń gbóná bí ààrò, mi ò rí omi tí n ó fi nù ún lára."

"Àǹtí, ẹ̀rọ ti dí. Ẹ wá wò ó."

Roseline nawọ́ kan ẹ̀rọ náà. Omi tú jáde yàà, ó tutù, ó mọ́ gaara.

Bàbá gbọ́ ariwo omi láti pálọ̀, ó sáré wọlé. "Subhanallah! Arifah, fa rọ́bà yẹn wá, jẹ́ ká kún àwọn dúrọ́ọ̀mù!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bu tiwọn. Ara ọmọ ò yá." Roseline ṣíwọ́ láti gbé abọ́, omi dá; ó tún kàn án, omi tún tú.

"Ṣé àwọn àáfà ni kò ní ṣe àlùwàlá ni? Mama Ìkẹ́, ẹ má mú ọwọ́ kúrò o."

Bí Roseline bá ti ṣíwọ́, omi á dá. Ló bá dúró síbẹ̀, ó ń mi ọmọ lẹ́yìn. "Hàbà, Àlàájì! Ṣé èmi ni mo wá di ẹ̀rọ yín?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún gbẹ.

Nígbà tí àwọn dúrọ́ọ̀mù kún tán, ó gbé abọ́ tirẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Bàbá nawọ́, ó tì í pa.

"Ó tó. Ẹ padà wá lẹ́yìn àdúrà, kí omi má lọ tán."

Bí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn án, funfun yẹn sun jáde bí ọ̀rá orí ẹ̀kọ, ó sì dì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ pátápátá. Arifah já abọ́ gbà lọ́wọ́ Roseline, ó rì í sínú dúrọ́ọ̀mù tó sún mọ́ ọn. Abọ́ dún kò! Omi ti dì. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó funfun bí ẹfun. Èyí tó kù náà dì bákan náà.

Nínú páìpù, ìyá náà sọ̀rọ̀. "Gàfárù, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́. Roseline fọwọ́ di ọmọ mú lẹ́yìn, ó bẹ́ síta pẹ̀lú abọ́ òfìfo. Bàbá ò sá. Òógùn ń ro lójú rẹ̀. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹnu ẹ̀rọ.

"Lọ sọ fún àwọn àáfà pé ẹ̀rọ ló dí."

"Bàbá, ẹ fa omi yìí síta. Ohun tí Ìyá Àgbà ń béèrè kò ju ìyẹn lọ."

"Mo ní kí o lọ!"

Arifah lọ bá àwọn àáfà tó ti dé sí àgbàlá, àmọ́ kò jíṣẹ́ náà. Níwájú gbogbo wọn, ó sọ nípa wúrà, ó sọ nípa géètì, ó sọ ohun tí ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wí. Àáfà Àbdùlsàlámì, tó dàgbà jù nínú wọn, fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Hákúrì, ṣe sùúrù, ọmọ mi. Bàbá ẹni ni bàbá ẹni. A kì í tú òbí ẹni síta."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀. Níbi tí omi bá ti wọ́n, ẹ̀sìn gba iyẹ̀pẹ̀ láàyè fún àlùwàlá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi eruku pa ojú àti ọwọ́, wọ́n kọjú sí ìlà oòrùn, wọ́n kírun, wọ́n sì bẹ Ọlọ́run pé kí omi tí ìyá yìí fi ṣe sàráà máa ṣàn bá a nínú sàréè.

"Àmín," ni wọ́n ń wí. Lẹ́yìn wọn, nínú kíṣìnnì, búrọ́ọ̀ṣì ń ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, arúgbó kan sì ń tọrọ omi.